Agídìgbo Bàbá Mi ní Okokomáíkò

Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́. Òjò tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán ti dá, ṣùgbọ́n omi ṣì ń kán láti etí páànù, ooru sì ti ń gòkè padà láti ilẹ̀. Mo dúró sí ẹ̀yìn ilé Alhájà, onílé mi ní Ìbà, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti máa ń dára díẹ̀. Mo fi fóònù mọ́ etí ọ̀tún, mo sì fi ìka dí ti òsì. Ní òdìkejì, ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, bàbá mi ń ta agídìgbo fún mi.

Mo gbọ́ dídún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́. Kì í ṣe pé ìpè já, nítorí mo ṣì ń rí ìṣẹ́jú tó ń kà lójú fóònù. Ìdákẹ́ náà dà bí ti yàrá tí ẹnì kan jókòó sí tí kò ṣe nǹkan kan. Ó tó ìṣẹ́jú méjì kí ohùn bàbá mi tó padà.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́. Ọwọ́ yín kò ní rọ."

Irọ́ ni mo pa. Ìgbà kẹfà tí mo pa irọ́ kan náà nìyẹn.

Kí n tó sọ ohun tó wà nínú irọ́ náà, ó yẹ kí n sọ ohun tó gbé mi kúrò nílé. Alágídìgbo ni bàbá mi. Àpótí pákó ni agídìgbo tirẹ̀, ahọ́n irin márùn-ún wà lójú rẹ̀. Orí itan ló máa ń gbé e lé, àtàǹpàkò ló fi ń ta á, òrùka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ń kan ìhà àpótí náà kí ẹsẹ̀ oníjó má bàa sọnù. Èmi nìkan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo kọ́ ọ. Ènìyàn márùn-ún ni wa nínú ẹgbẹ́, a sì ń rí ìnáwó lọ títí di ọdún tí ọkùnrin kan dé sí ìlú wa pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù kan àti agbóhùnsókè méjì. Òun nìkan ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó máa tẹ bọ́tìnnì kan, ìlù á bẹ̀rẹ̀. Ó máa tẹ òmíràn, fèrè á dá sí i. Kò pẹ́ tí àwọn tó máa ń ránṣẹ́ sí wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí i.

Inú bí mi gidigidi. Bàbá mi kò bínú. Ó ní, "Má bá ohun tí o kò mọ̀ jà. Lọ mọ̀ ọ́n ná, ẹ̀yìn náà ni wàá tó mọ̀ bóyá ọ̀tá ni." Bí mo ṣe di ará Èkó nìyẹn, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Mo ti rò pé mi ò ní jẹ́ àlejò, nítorí Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Yorùbá ni èmi náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà yí padà. Alhájà bi mí níbi tí mo ti wá, mo ní Kétu.

"Kétu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Máìlì Tuẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ yẹn? Kí ló wá gbé ẹ dé Ìbà? Àbí wọ́n lé ẹ nílé ni?"

"Rárá, mà. Kétu ti Benin."

"Benin ti Ẹdó?"

"Rárá, mà. Kétu ilé Alákétu. Ẹ máa kọjá bọ́dà."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹn-ẹ́n. Ará Kọ́tọ́nù ni ẹ́, o wá ń yí mi po yí mi ká."

Láti ìgbà náà ni mo ti di ará Kọ́tọ́nù, ìlú tí mi ò tíì sùn mọ́jú níbẹ̀ rí. Ní Ìyànà Ìbà, mo ké pe zẹ́mì, bí a ṣe ń pe ọlọ́kadà nílé. Ọlọ́kadà mẹ́ta wojú ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, Zẹ́mì ò sí nítòsí, ṣùgbọ́n mo lè bá a gbé yín." Èdè Faransé ni mo fi kọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́, òun náà ni mo ṣì fi ń ka iye nǹkan lábẹ́ ẹnu. Bí mo bá ń ka tòmátì lọ́jà, àwọn obìnrin ọlọ́jà á dákẹ́, wọ́n á máa wo ẹnu mi. Nítorí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ tó bá jọ tiwọn, mo máa sọ ọ́. Èyí tó bá jọ tilé, mo máa gbé e mì. Ní ìparí oṣù kejì, ọ̀rọ̀ mi ti kéré débi pé Alhájà sọ fún aládùúgbò kan pé ayálégbé òun kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó kà á sí ìyìn. Èmi mọ ohun tó jẹ́.

Iṣẹ́ tí mo rí wà ní Alábà, ní ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta kíbọ́ọ̀dù tòkúnbọ̀. Ọ̀gá mi, ọmọ Ìgbò tó ti pẹ́ ní Ọ̀jọ́, fi mí sídìí tábìlì kan. Ojúṣe mi ni kí n tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì kọ èyí tí kò bá dún sínú ìwé. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo kan orúkọ kan tí mi ò mọ̀ lójú kíbọ́ọ̀dù, àwòrán àpótí kékeré kan tó ní ahọ́n irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn tó jáde jọ agídìgbo bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi sí kí ó lè kárí àlejò ṣe ń jọ ọbẹ̀. Mo jókòó, mo ń wò ó. Ọ̀gá mi béèrè bóyá ó bàjẹ́. Mo ní rárá, ó ń dún.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa kíláàsì Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, olùkọ́ ni wọ́n ní yunifásítì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, tí iṣẹ́ bá ti parí, wọ́n máa ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà gba orin sílẹ̀, nínú yàrá kan lókè ilé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Okokomáíkò. Mẹ́fà ni wa. Èmi ni mo dàgbà jù. Tósìn, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjànikin tó sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ló sọ mí ní Bàbá Kétu.

"Bàbá Kétu, ẹ tún ti ń kọ ọ́ sínú ìwé? Wọ́n kàn ní 'ẹ kúùrọ̀lẹ́' ni o. Ṣé ìyẹn náà máa wá nínú ìdánwò?"

Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń kọ ọ́. Ìwé mi ló kọ́kọ́ kọ́ mi pé idán kò sí nínú ohun tí ọkùnrin oníkíbọ́ọ̀dù yẹn ń ṣe. Ẹnì kan ti ta nǹkan kan rí, níwájú máìkì, ní ibì kan. Wọ́n gé ohùn náà, wọ́n fi í sábẹ́ bọ́tìnnì. Sáńpù ni wọ́n ń pè é. Bọ́tìnnì kò lè dún bí kò bá sí ọwọ́ ènìyàn kan tó ti kọ́kọ́ dún. Alẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí yé mi, mo sùn dáadáa.

Àṣeyọrí mi àkọ́kọ́ ni géètì Alhájà. Mo fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tì í ní àárọ̀, mo gé e, mo dín ohùn tínrín òkè rẹ̀ kù, mo sì fi í ṣe ìlù ńlá abẹ́ orin. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé jẹ́ kí gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo jẹ́ kí Alhájà gbọ́ ọ, ó dìde, ó lọ wo ẹnu ọ̀nà, ó padà jókòó. "Mo ní kí n lọ wò ó ná. Ará Kọ́tọ́nù, o ò kúkú tú u tà."

Oṣù kẹjọ mi ní Ìbà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi ní apá òsì. Mo sáré lọ sílé, mo lo ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo ń padà, kò tíì lè di ṣíbí mú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àdùkẹ́, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń fi òróró gbígbóná wọ́ ọwọ́ náà láàárọ̀ lálẹ́, ó sì ra fóònù kan tí wọ́n fi lè máa fi íńtánẹ́ẹ̀tì pè mí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó ní Bàbá ti gbé agídìgbo lé itan. Ó ní ó fẹ́ ta á fún mi gbọ́.

Dídún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ìdákẹ́. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, dídún méjì. Èyí tó tún tẹ̀lé e, mẹ́ta. Nínú ìdákẹ́ náà, mo máa ń rí ọwọ́ òsì tó wà lórí irin tí kò lè tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń bi Àdùkẹ́ lẹ́yìn náà, á ní, "Ó ta á dáadáa." Mo rò pé ó ń bo bàbá wa láṣìírí, mo sì gbà pé bó ṣe yẹ kí ó ṣe náà nìyẹn.

Ẹni tí kò ti irú ilé wa wá lè béèrè ìdí tí mi ò fi sọ pé mi ò gbọ́. Ní ilé wa, a kì í sọ ọ́. Bí o bá sọ fún alágídìgbo pé o kò gbọ́, ohun tí o sọ ni pé ọwọ́ rẹ̀ ti kú. Àwọn ènìyàn ti tìtorí rẹ̀ yan odì títí dọjọ́ ikú. Ohun kejì tún wà: àpótí agídìgbo kì í gbé lọ́wọ́ tí kò lè ta á mọ́ títí ọdún fi yípo. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ gbà á, kí ó sì jókòó tì í nílé, níbi tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Bí ọwọ́ bàbá mi bá ti lọ lóòótọ́, tèmi ní Èkó ti parí nìyẹn, pẹ̀lú kíláàsì àti ohun gbogbo tí mo wá wá.

Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì Ọjọ́bọ̀ òjò yẹn, mo sọ fún Alhájà pé mo máa kó kúrò ní ìparí oṣù.

Ó ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "O ra kọ́tìnì tuntun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ta lò ń tàn jẹ, èmi ni àbí kọ́tìnì?"

"Bàbá mi ni, mà. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo wọ yàrá mi lọ. Mi ò lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ni mo lọ láti dágbére. Ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wọlé, mo sì jókòó sí ẹ̀yìn. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń ké lábẹ́ fèrèsé bó ṣe máa ń ké. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé nawọ́ sí i.

"Ẹ gbọ́ alátakò wa yẹn? Ẹ wo bí mo ṣe máa lé e jáde."

Wọ́n sọ̀rọ̀ sínú máìkì díẹ̀, wọ́n tẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì jẹ́ kí a gbọ́ ọ. Ohùn wọn mọ́ kedere. Jẹnẹrétọ̀ ti pòórá.

"Ẹ̀yin náà, ẹ pàtẹ́wọ́ kí ó gbà á." A pàtẹ́wọ́ lọ títí. Wọ́n jẹ́ kí a gbọ́ èyí náà. A gbọ́ àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ìyókù jẹ́ ìdákẹ́.

"Ètò kọ̀ǹpútà yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn nìkan ni wọ́n kọ́ ọ láti dá mọ̀," ni wọ́n wí. "Bí ó bá gbọ́ ohun mìíràn, á kọ́kọ́ ṣiyèméjì díẹ̀, ẹ̀yìn náà á pa á, á ní ariwo ni. Ẹ má lò ó fún orin láéláé. Irú rẹ̀ wà nínú fóònù yín náà, tí ẹ bá ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì pe ènìyàn."

Mo nawọ́ sókè. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sọ."

Tósìn ní, "Ó ti dé, ó ti dé. Ìwé ti ṣí."

Wọ́n tún un sọ. Mo kọ ọ́. Mo fa ilà sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni mo rántí dídún mẹ́ta bàbá mi.

Èmi kì í gba nǹkan gbọ́ kí n tó dán an wò. Mo bẹ Tósìn kí ó mú fóònù rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé. Mo fi íńtánẹ́ẹ̀tì pè é, mo gbé fóònù mi ti agbóhùnsókè kíbọ́ọ̀dù kíláàsì, mo wá ohùn agídìgbo ọlọ́mi yẹn jáde, mo sì ta orin kan fún ìṣẹ́jú kan gbáko láìdúró.

"Tósìn, kí lo gbọ́?"

"Bàbá Kétu, ẹ ò tíì ta nǹkan kan. Ẹ ta tin, tin, ẹ wá dákẹ́. Mo rò pé wọ́n ti mú iná lọ ni."

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo pe Kétu. Àdùkẹ́ ló gbé e, ẹ̀rù bà á, nítorí kì í ṣe Ọjọ́bọ̀. Mo ní kí ó fún Bàbá.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mi ò gbọ́."

"O ò gbọ́ kí ni?"

"Agídìgbo. Dídún méjì, mẹ́ta péré ni mo máa ń gbọ́. Fóònù ló ń pa ìyókù. Ó rò pé ariwo ni."

Ó dákẹ́. Ìdákẹ́ tòótọ́ ni èyí. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Bàbá."

"Ti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá náà?"

"Ti Ọjọ́bọ̀ náà."

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Ẹ̀rín ni mo gbọ́, ẹ̀rín tó di ikọ́, tí Àdùkẹ́ fi ń béèrè lẹ́yìn pé kí ló dé.

"Ọpẹ́ ni fún Olódùmarè," ni bàbá mi wí nígbà tí ó rí èémí mí. "Orin tí ìyá rẹ fẹ́ràn ni mo ta lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Mo gbé ìparí rẹ̀ síbi ìbẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá sọ̀rọ̀. O ní ọwọ́ mi kò ní rọ. Mo sọ fún Àdùkẹ́ pé Èkó ti jẹ ọmọ yìí létí. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi."

"Èmi sì rò pé ọwọ́ yín ni."

"Ọwọ́ wo? Ọwọ́ mi nìyí. Ó lọ́ra díẹ̀ ni, kò lọ síbì kankan." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Àwọn àgbà ní ọlọ́gbọ́n ló ń jó agídìgbo. Bá mi sọ fún ẹni tó ṣe fóònù yín pé kò tíì gbọ́n."

Mo ṣàlàyé fún Àdùkẹ́ pé kí ó má pè mí, kí ó fi fóònù gba orin sílẹ̀ ná bí ẹni gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ó wá fi í ránṣẹ́. Ó dé kí kíláàsì tó tú. Mo gbé hẹ́dífóònù sétí. Mo gbọ́ adìyẹ, mo gbọ́ ikọ́, ẹ̀yìn náà mo gbọ́ bàbá mi. Orin ìyá mi ni, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà níbi ìbẹ̀rẹ̀. Òrùka ń kan àpótí. Ahọ́n irin tó nípọn jù, èyí tí ọwọ́ òsì ń ta, ń dé lẹ́yìn díẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń gun àkàsọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí kò dé.

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé náà gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ahọ́n yẹn ń pẹ́. Mo lè tì í síwájú díẹ̀ kí ó bá ìlù mu."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má tì í. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òun ni."

Wọ́n wò mí, wọ́n sì gbé ọwọ́ kúrò. Wọ́n sọ pé nígbà tí àwọn kọ́kọ́ dé Èkó, bí àwọn bá ti pe ilé ní "ulé" bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ́fíìsì máa ń rẹ́rìn-ín, àwọn sì tún ohùn àwọn ṣe títí ìyá àwọn fi béèrè lórí fóònù pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Mi ò kọ èyí sínú ìwé. Mi ò nílò láti kọ ọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí Bàbá ta ahọ́n irin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lẹ́ àti kíkankíkan. Iṣẹ́ náà kò wù ú. "Ṣé báyìí ni ẹ ṣe ń jẹ ẹ̀wà níbẹ̀, ní wóró kọ̀ọ̀kan?" Ṣùgbọ́n ó ta gbogbo rẹ̀. Mo gé wọn, mo fọ adìyẹ kúrò lára wọn, mo sì fi wọ́n sábẹ́ bọ́tìnnì márùn-ún lórí kíbọ́ọ̀dù àlòkù tí ọ̀gá mi jẹ́ kí n máa gbé lọ sílé. Mi ò tún ohùn wọn ṣe kí ó bá ti kíbọ́ọ̀dù mu. Tósìn kọrin lé e lórí ní kíláàsì. Ó ní ó kọ́kọ́ ṣòro fún òun láti bá a rìn; ní ìgbà kẹta, kò fẹ́ kí n dúró.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo ń ta á nínú yàrá mi pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Alhájà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀súbà lọ́wọ́.

"Ta ló ń ta nǹkan yìí?"

"Bàbá mi ni, mà."

"Nígbà wo ló dé tí o ò mú un wá kí mi?"

"Kò dé, mà. Kétu ló wà."

Ó tẹ́tí sí i díẹ̀. Orí rẹ̀ ń mì. "Kétu Alákétu," ni ó wí, kì í ṣe bí ìbéèrè, ó sì padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bàbá mi kò ta agídìgbo lórí ìpè mọ́. Àdùkẹ́ ń gbà á sílẹ̀, ó sì ń fi í ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Àpótí náà ṣì wà lórí itan rẹ̀. Mi ò kó kúrò nílé Alhájà. Mo ń ka tòmátì ní èdè Faransé, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bí mi ò bá sì gbọ́ nǹkan, mo máa ń sọ pé mi ò gbọ́.